Ta ló ń jẹ tòmátì mi? Ìkórè àrọ̀kúrò lẹ́yìnkùlé, Ọba-Ilé, Àkúrẹ́

ÌyáÌbejì_ỌbaIlé
2 Oṣù Kọkànlá, 6:40 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o, gbogbo ilé. Ẹ kú òjò àrọ̀kúrò. Mo rò pé èyí tó rọ̀ lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni yóò kẹ́yìn tọdún yìí, àfi bó ṣe tún ṣú lánàá tó sì rọ̀ lé gbogbo aṣọ tí mo sá lórí.

Ẹjọ́ olè ni mo gbé wá. Ẹ̀yìnkùlé mi kò tó ìdajì pùlọ́ọ̀tì. Fẹ́ńsì yí i ká lọ́nà mẹ́ta, ọ̀nà kẹrin jẹ́ àkùrọ̀ kékeré tí a kò tíì rówó fi bíríkì dí. Koríko pọ̀ níbẹ̀, omi kan sì ń ṣàn kọjá nísàlẹ̀ rẹ̀. Elégédé ti wà nílẹ̀ láti oṣù Kẹfà. Láàárín oṣù Kẹjọ ni mo gbin àgbàdo ìlà mẹ́rin, ilá, tòmátì àti ata wẹ́wẹ́. Ìparí oṣù Kẹsàn-án ni mo fọ́n ewédú. Gbogbo rẹ̀ ti ń wọlé báyìí, ilá pàápàá. Bí mo bá já a lónìí, tó bá fi máa di ọ̀túnla ó ti tún dé.

Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń kórè ni ẹlòmíràn náà ń kórè. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń ṣe é.

Elégédé méjì tó ti ń gbó, wọ́n dá a lu láti ìsàlẹ̀, níbi tó fi kan ilẹ̀. Èèpo wà, ẹran inú rẹ̀ ṣẹ́kù díẹ̀, kóró rẹ̀ kò ku ẹyọ kan. Àgbàdo, orí igi níbẹ̀ ni wọ́n ti bó o láti ṣóńṣó, wọ́n jẹ ìdajì, wọ́n fi ìdajì sílẹ̀. Tòmátì ló wá yà mí lẹ́nu jù. Èyí tó bá rọ̀ sílẹ̀, tó sì ti pọ́n, nìkan ni wọ́n ń fẹnu kàn. Ibi tí wọ́n jẹ dà bí ìgbà tí èèyàn fi ṣíbí bù ú. Kò sí ojú eyín. Èyí tó ga tó orókún wà bó ṣe wà.

Ọkọ mi ní òkété ni gbogbo rẹ̀. Èmi ti fẹ̀sùn kan ewúrẹ́ aládùúgbò, mo ti fẹ̀sùn kan àwọn ìbejì mi, mo sì ti lọ bẹ ẹni tó ni ewúrẹ́. Ṣé olè kan ṣoṣo ni mo ń bá jà ni, àbí ẹgbẹ́ ni wọ́n?

Ẹ bá mi wo èyí náà: ewédú mi kò tíì dé orókún, ó ti ń yọ òdòdó. Kí ló dé?

Ẹkímọ̀gún_Ńlé
2 Oṣù Kọkànlá, 7:05 àárọ̀

Baálé ilé ti dájọ́, ọ̀rọ̀ ti tán. Òkété, báyìí ni ìwà rẹ! Ẹ dẹ pańpẹ́ sẹ́nu ihò, kí ẹ sì gbé odó síta. Láti Oǹdó níbí ni mo ti ń gbóòórùn ọbẹ̀ náà.

Tíṣà_Fẹ̀yìntì
2 Oṣù Kọkànlá, 9:30 àárọ̀

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ bá mi kí baálé, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ẹjọ́ mẹ́ta ni wọ́n dì pọ̀ sí ọ̀kan. Ọdún kẹtàlá rèé tí mo ti ń ro ẹ̀yìnkùlé mi ní Ìjọ̀kà, kò sí èyí tí kò tíì jẹ mí lówó nínú wọn.

Ti elégédé, òkété ni lóòótọ́. Òru ló ń jẹ, ó sì fẹ́ràn láti gba abẹ́ wọlé, torí kóró ló ń wá. Ó ní àpò sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì. Á rọ kóró kún un títí ojú rẹ̀ á fi wú bí ojú ẹni tí eyín ń dùn, á wá lọ tú u sílé. Ìdí nìyẹn tí ẹyọ kan kò fi ṣẹ́kù fún yín. Ẹ wá ihò rẹ̀ lábẹ́ òkìtì tàbí lábẹ́ simẹ́ńtì tí tánkì omi jókòó lé. Ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ kì í sábà jẹ́ ọ̀kan, nítorí náà pańpẹ́ Ẹkímọ̀gún lè pẹ́ lẹ́nu ihò kí ó tó rí ẹni kí. Ẹranko náà kì í ṣe òmùgọ̀ rárá. Ní Tanzania, wọ́n ń kọ́ irú òkété kan láti máa fi imú wá bọ́ǹbù tí ogun gbàgbé sínú ilẹ̀. Tiwa ń fi imú tirẹ̀ wá elégédé.

Ti àgbàdo, ọ̀sán ni wọ́n ń jẹ ẹ́. Ẹ̀gà ni tàbí ọ̀kẹ́rẹ́. Ẹ wo ewé àgbàdo náà dáadáa. Bí etí rẹ̀ bá ya tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn, ẹ̀gà ni, ewé yẹn ló fi ń hun ilé. Ẹnu sì ni ẹyẹ fi ń ṣá hóró jẹ, á fi awọ rẹ̀ sílẹ̀ lára ṣùkù. Ọ̀kẹ́rẹ́ ní tirẹ̀ máa ń fi eyín họ hóró kúrò nídìí, nígbà míì á gé odidi ọmọ àgbàdo ṣubú lulẹ̀.

Tòmátì yẹn ni kò tíì yé mi. Ẹ ṣe báyìí: ẹ fi asẹ́ ku eérú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sílẹ̀ nídìí tòmátì àti nídìí elégédé. Ẹ ku tòru ní agogo méje alẹ́, ẹ lọ wò ó ní ìdájí, ẹ gbá a kúrò, kí ẹ tó ku tọ̀sán. Tòru lọ́tọ̀, tọ̀sán lọ́tọ̀. Ilẹ̀ á sọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́.

Ìyá_Ẹlẹ́fọ̀ọ́
2 Oṣù Kọkànlá, 1:15 ọ̀sán

Ẹ jẹ́ n dá sí ti ewédú kí n tó padà sídìí ọjà.

Ewédú mọ oṣù. Bí ọ̀sán bá ti ń kúrú báyìí, tí ilẹ̀ ń tètè ṣú, kíá ló máa yọ òdòdó tí á sì so, yálà ó ga ni o tàbí kò ga. Èyí tí ẹ bá fọ́n ní oṣù Kẹrin sí Karùn-ún, ẹ ó jẹ ewé rẹ̀ pẹ́ kó tó rántí òdòdó. Kì í ṣe ẹ̀bi ilẹ̀ yín, ajílẹ̀ kò sì lè yí i lọ́kàn padà. Ṣọkọ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ká a báyìí kí ó tó le, ẹ fi bí igi mẹ́wàá sílẹ̀ kí ó so, kí ó gbẹ lórí igi, ẹ ó fi gbìn lọ́dún tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n kóró ewédú ń sùn o. Ọ̀pọ̀ èèyàn á fọ́n ọn, kò ní hù, wọ́n á ní ẹni tó tà á fún wọn lólè. Ẹ dì í sínú aṣọ kékeré, ẹ rì í bọ omi gbígbóná, kí ẹ ka oókan dé aárùn-ún, ẹ yọ ọ́ kíá. Ẹ sá a kí omi ara rẹ̀ gbẹ, ẹ wá fọ́n ọn. Ìyá tó bí mi ló fi hàn mí.

Ilá yín, ẹ má jẹ́ kí ó kọjá ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lórí igi. Tí ẹ bá jẹ́ kí ó máa kó, igi náà á rọra ṣíwọ́ èso. Wọ́n ní ilá kì í ga ju ẹni tó gbìn ín lọ. Tèmi létí Odò Àlá ti ga jù mí lọ, ìwọ̀ ni mo fi ń fà á tẹ̀. Ẹ tọ́jú gbogbo èyí tẹ́ ẹ bá lè tọ́jú, ẹ gé e, ẹ sá a gbẹ, nítorí láti oṣù Kejìlá lọ ẹ̀fọ́ á wọ́n. Àwa tá à ń pọn omi odò bomi rin ẹ̀fọ́ là ń rí owó rẹ̀ nígbà yẹn, ọrùn wa náà sì ń rí i.

Ọmọ_FUTA
2 Oṣù Kọkànlá, 8:50 alẹ́

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú alẹ́. Ṣé kò ní rọrùn kí màmá po ọ̀tápíapíà mọ́ gààrì, kí wọ́n kó o sẹ́nu ihò? Nílé tí mo háyà, eku mẹ́rin la fi pa lóru ọjọ́ kan. Mo tún bu díẹ̀ sómi, mo wọ́n ọn sára ẹ̀wà tí mo gbìn sẹ́yìn fèrèsé. Kòkòrò kankan kò débẹ̀ mọ́.

Nọ́ọ̀sì_Ọ̀wọ̀
2 Oṣù Kọkànlá, 9:40 alẹ́

Àbúrò mi, jọ̀ọ́, má jẹ ẹ̀wà yẹn.

Ohun tí wọ́n ń dà sínú ọ̀tápíapíà, oògùn apakòkòrò dichlorvos ló sábà máa ń jẹ́. Àwọn èèyàn ń mu ún kú. Nítorí rẹ̀ ni NAFDAC ṣe fòfin de ìgò rẹ̀ kéékèèké ní 2019. Èyí tí wọ́n ń pò lójú títì, kò sẹ́ni tó wọ̀n ọ́n fún ẹ. Ológbò tó bá jẹ eku tó kú náà lè kú. Òwìwí lè kú. Ọmọ ọlọ́mọ tó bá ṣa gààrì yẹn ńkọ́?

Ìyá Ìbejì, ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ eku. Òkété yín lè máa jẹ elégédé, kì í ṣe òun ló ń bà mí lẹ́rù. Eku kan wà tó kéré sí i púpọ̀, tí ọmú rẹ̀ pọ̀ láyà dé ikùn. Òun ló ń gbé kòkòrò ibà Lassa kiri, inú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ ló sì wà. Ìlú Lassa ní Borno ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá àìsàn yìí mọ̀ ní 1969, ṣùgbọ́n lónìí Ìpínlẹ̀ Oǹdó tiwa wà lára àwọn tó ń rí i jù ní Nàìjíríà, àwa àti Ẹdó àti Bauchi. Lọ́sibítù ìjọba àpapọ̀ níbí ní Ọ̀wọ̀, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti wọlé báyìí la ti ń múra. Bí wọ́n bá ti ń sun igbó, tí oúnjẹ oko ń tán, eku á wọlé tọ èèyàn wá. Àsìkò yẹn gan-an ni àwa náà ń kó àgbàdo gbígbẹ sí igun yàrá, tí à ń sá láfún sílẹ̀ẹ́lẹ̀ létí títì.

Àgbàdo tẹ́ ẹ bá gbẹ, inú kẹ́ẹ̀gì tàbí báfù tó ní ìdérí ni kí ó wà. Èyíkéyìí tí eku bá ti fẹnu kàn, ẹ má gé ibi tó jẹ kúrò kí ẹ se ìyókù. Ẹ jù ú nù. Bí ibà bá ń ṣe ẹnikẹ́ni nínú ilé, tí ẹ lo oògùn ibà tí kò lọ, ẹ má ṣe kẹ́míìsì kiri. Ọsibítù ni, ìtọ́jú wà fún ẹni tó bá tètè dé.

Ọmọ_FUTA
2 Oṣù Kọkànlá, 9:52 alẹ́

Mo ti jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, mà.

Nọ́ọ̀sì_Ọ̀wọ̀
2 Oṣù Kọkànlá, 9:55 alẹ́

Fa ìyókù tu. Ìgò yẹn, má fi sílé ìdáná mọ́. Bí inú bá ń lọ́ ẹ tàbí tí itọ́ bá ń dà lẹ́nu rẹ, ọsibítù lóru òní. Fún mi lésì láàárọ̀ ọ̀la.

Tíṣà_Fẹ̀yìntì
3 Oṣù Kọkànlá, 6:20 àárọ̀

Ọmọ mi, dóńgóyárò kún inú ọgbà ilé ìwé yín. Ṣa kóró rẹ̀ tó gbẹ, gún un. Bí 50 gíráàmù sí lítà omi kan, jẹ́ kí ó sùn mọ́jú, fi aṣọ sẹ́ ẹ, bu ọṣẹ díẹ̀ sí i, kí o wọ́n ọn ní ìrọ̀lẹ́ tí oòrùn ti rẹlẹ̀. Kì í pa kòkòrò lójú ẹsẹ̀, nítorí náà má bínú sí i. Oúnjẹ ni kì í jẹ́ kí wọ́n lè jẹ mọ́. Òun ni mo ń wọ́n sí ọkàn àgbàdo láti ìgbà tí kòkòrò àgbàdo tó ti Amẹ́ríkà wá ti wọ Nàìjíríà ní 2016. Bí kò bá sí dóńgóyárò, mo máa ń bu eérú díẹ̀ sí ọkàn ewé náà nígbà tó ṣì kéré.

Ọmọ_FUTA
3 Oṣù Kọkànlá, 7:30 àárọ̀

Àlàáfíà ni mo jí, ẹ̀yin màmá. Mo ti fà á tu. Ẹ ṣé, sà.

ÌyáÌbejì_ỌbaIlé
5 Oṣù Kọkànlá, 7:15 àárọ̀

Mo ti ku eérú òru méjì àti ọ̀sán méjì. Eérú tó wà nílé ìdáná mi tán, mo lọ tọrọ lọ́dọ̀ ìyá alákàrà.

Tòru: ẹsẹ̀ kéékèèké tó ní ìka, ìlà ìrù láàárín, láti ìdí elégédé tààrà lọ sábẹ́ tánkì. Ihò méjì wà lábẹ́ simẹ́ńtì, erùpẹ̀ tuntun wà lẹ́nu ọ̀kan. Tíṣà, àfi bí ẹni pé ẹ bá a gbélé. Ọkọ mi ti ń rìn kiri inú ilé bí ẹni tó jàre ẹjọ́.

Àgbàdo kò tiẹ̀ gba eérú. Ojú mi ló rí i lánàá ní agogo mẹ́wàá. Ọ̀kẹ́rẹ́ kan jókòó sórí fẹ́ńsì, ó fi ọwọ́ méjèèjì di hóró mú bí ẹni ń gbàdúrà lórí oúnjẹ, ó ń wò mí. Mo ju bàtà, bàtà wọlé aládùúgbò.

Tòmátì wá ni mo bá dé ibí o. Lóru, kò sí nǹkan kan. Lọ́sàn-án àná, lẹ́yìn òjò winniwinni yẹn, mo rí ojú ẹsẹ̀ lórí eérú. Ìlà méjì ni, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, àlàfo tó wà láàárín wọn tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ mi. Ojú ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan rí roboto bí ìgbà tí èèyàn fi ìdérí ìgò tẹ ilẹ̀, èékánná hàn níwájú rẹ̀. Láàárín, ó dà bí pé wọ́n wọ́ nǹkan wúwo níbì kan, tí wọ́n tún gbé e níbòmíràn. Kò sí ojú ìrù. Láti ẹ̀bá àkùrọ̀ ló ti wá.

Àyà mi ń já, mo sọ òtítọ́.

Ẹkímọ̀gún_Ńlé
5 Oṣù Kọkànlá, 7:21 àárọ̀

Ejò ni! Ẹ kó àwọn ọmọ wọlé, ẹ ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn!

Ọdẹ_Ìdànrè
5 Oṣù Kọkànlá, 12:40 ọ̀sán

Ejò wo ló ń gé èékánná, ìwọ Ẹkímọ̀gún yìí? Ejò kì í sì í jẹ tòmátì.

Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀. Bó bá jẹ́ awọ́nríwọ́n ni, ìrù rẹ̀ á fa ilẹ̀ ya. Bó bá jẹ́ ọ̀yà ni, eyín rẹ̀ á hàn, koríko ni ì bá sì wá. Ohun tí kò léyín, tí ẹnu rẹ̀ rí bí ti ẹyẹ, tó ń jáde lẹ́yìn òjò, tí ọrùn rẹ̀ kò lè dé ibi tó ga, tí àyà rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀ bí ilẹ̀ bá gun: ahun ni. Ẹ lọ wò ó lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ, tó bá wà nítòsí àkùrọ̀ yẹn.

Ṣùgbọ́n igi ni kí ẹ fi tú ewé náà o, ẹ má fọwọ́ sí i. Wọ bàtà òjò. Paramọ́lẹ̀ náà fẹ́ràn ibẹ̀, òun kì í sì í sá fún èèyàn, ó máa ń dúró de ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́ ni.

ÌyáÌbejì_ỌbaIlé
6 Oṣù Kọkànlá, 5:50 ìrọ̀lẹ́

Ahun ni o!!!

Kẹ́hìndé ló rí i. Ọ̀pá gígùn la fi ń tú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Kẹ́hìndé ní, “Mọ́mì, òkúta yìí ń wò wá.” Ó tó àwo ọbẹ̀ kékeré, igbá rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú bí ewé gbígbẹ tó dùbúlẹ̀ sí. Hóró tòmátì ṣì lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu! Ọlọ́run ló mú un. Bí ọkọ mi ti gbé e, ó fa orí wọlé, ìdajì igbá rẹ̀ lẹ́yìn sì rọra pa dé mọ́ ẹsẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Gbogbo ọjọ́ ayé mi tí mo ti ń gbọ́ àlọ́ ìjàpá, kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ó ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

Ẹkímọ̀gún_Ńlé
6 Oṣù Kọkànlá, 5:58 ìrọ̀lẹ́

Àlọ́ o!

Ìyá_Ẹlẹ́fọ̀ọ́
6 Oṣù Kọkànlá, 6:01 ìrọ̀lẹ́

Ààlọ̀!

Ẹkímọ̀gún_Ńlé
6 Oṣù Kọkànlá, 6:10 ìrọ̀lẹ́

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbòó, ó dá lórí Ìjàpá Tìrókò ọkọ Yánníbo. Ní ọjọ́ kan, ìyàn mú ní Ọba-Ilé. Ìjàpá gba àkùrọ̀ wọ oko Ìyá Ìbejì, ó jẹ tòmátì ìsàlẹ̀, ó fi tòkè sílẹ̀, ó ní òun kì í ṣe wọ̀bìà. Wọ́n mú òkété, wọ́n mú ewúrẹ́, wọ́n mú ọmọ ọlọ́mọ...

Ìyá_Ẹlẹ́fọ̀ọ́
6 Oṣù Kọkànlá, 6:14 ìrọ̀lẹ́

Yánníbo dà? Ẹ lọ wo abẹ́ ewé yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ọdẹ_Ìdànrè
6 Oṣù Kọkànlá, 8:30 alẹ́

A ti rẹ́rìn-ín tó. Ẹran ni. Ẹ sè é, tàbí kí ẹ gbé e lọ sọ́jà, àwọn tó ń ṣe egbòogi ń wá a lójú méjèèjì. Èmi kò rò pé ó yẹ kí ẹ jókòó máa wo ẹran tó rìn wá sílé yín.

Tíṣà_Fẹ̀yìntì
6 Oṣù Kọkànlá, 9:05 alẹ́

Ọdẹ, mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ yín, àmọ́ ẹ̀yin náà ẹ sọ fún wa, mélòó lẹ rí lọ́dún yìí? Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tá a bá ń bọ̀ láti oko lẹ́yìn òjò, a máa ń pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà, a ó fò ó kọjá. Láti ogún ọdún wá, méjì péré ni mo rí láàyè, ọ̀kan nínú rẹ̀ wà nínú agbọ̀n lọ́jà. Irú eléyìí tí ẹ̀yìn igbá rẹ̀ ń pa dé, igbó tútù ló ń gbé, igbó yẹn la sì ń pín sí pùlọ́ọ̀tì. Ẹ wo Ọba-Ilé títí dé ọ̀nà pápá ọkọ̀ òfuurufú. Àkùrọ̀ tí Ìyá Ìbejì kò rówó fi bíríkì dí yẹn ló kù fún un.

Kì í sì í ṣe tòmátì nìkan ló ń jẹ. Ó ń jẹ olú, ó ń jẹ ìgbín àti ekòló, ó ń jẹ èso tó bá bọ́ sílẹ̀. Ẹ kan ọ̀pá mọ́ tòmátì, ẹ so ó sókè, ọ̀ràn tán. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú dáadáa, á wá ibi tó tutù rì mọ́, kò ní jẹun mọ́ títí òjò á fi padà.

Nọ́ọ̀sì_Ọ̀wọ̀
6 Oṣù Kọkànlá, 9:20 alẹ́

Ohun yòówù kẹ́ ẹ pinnu, kí àwọn ìbejì fọṣẹ fọwọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá fọwọ́ kàn án. Ahun máa ń ní kòkòrò tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru lára.

Ọdẹ_Ìdànrè
7 Oṣù Kọkànlá, 5:45 àárọ̀

Tíṣà, lọ́dún yìí, ọ̀kan. Ìbéèrè yín ni mo dáhùn, n kò ní kí ẹ má sè é.

ÌyáÌbejì_ỌbaIlé
7 Oṣù Kọkànlá, 8:00 alẹ́

Ilé wa pín sí méjì. Baálé ní kí a tà á, ó ti ń ṣírò owó. Táyé bú sẹ́kún, Kẹ́hìndé bá a sun ún. Mo bi ọkọ mi pé ṣé ó fẹ́ kí wọ́n máa sọ fọ́mọ wọn pé bàbá àwọn ta Ìjàpá. Ó dákẹ́. A gbé e lọ sísàlẹ̀ àkùrọ̀ ní agogo mẹ́rin, mo wá ń so tòmátì mọ́ ọ̀pá títí ilẹ̀ fi ṣú.

ÌyáÌbejì_ỌbaIlé
10 Oṣù Kọkànlá, 6:30 ìrọ̀lẹ́

Ó ti padà dé. Ó dúró sábẹ́ tòmátì tí mo so sókè, ó na ọrùn, kò tó o. Ó yí padà. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo já ọ̀kan tó ti fẹ́ rà, mo jù ú sí i.

Ẹkímọ̀gún_Ńlé
10 Oṣù Kọkànlá, 6:37 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin náà ti ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún un.

Ìyá_Ẹlẹ́fọ̀ọ́
12 Oṣù Kọkànlá, 2:00 ọ̀sán

Nítorí ahun, gbogbo yín ti gbàgbé tata. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ọgbà yín lọ́sẹ̀ yìí. Lórí koríko àti lórí ewé Akíntọ́lá, ẹ máa rí àwọn ọmọ tata dúdú wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ tí wọ́n kó jọ sójú kan. Ìyẹn ni yóò di tata ńlá aláwọ̀ mèremère tó ń rùn yẹn tó bá di oṣù Kejì, tí yóò jẹ ẹ̀gẹ́ yín dé ìtí. Báyìí tí wọn kò tíì lè fò ni kí ẹ kó wọn. Òwúrọ̀ kùtù ló dára jù, òtútù ò ní í jẹ́ kí wọ́n lè tètè sá, ẹ gbọ̀n wọ́n sínú omi ọṣẹ. Kí ẹ sì ṣán ewé Akíntọ́lá tó wà nítòsí kí ó tó tanná, torí òdòdó rẹ̀ ń fà wọ́n bí àkàrà ṣe ń fa ọmọ iléèwé. Tó bá di oṣù Kẹta, inú ilẹ̀ níbi tó ní ìbòòji ni wọ́n ń yé sí. Bí ẹ bá mọ ibẹ̀, ẹ fọkọ́ hú ẹyin wọn síta fún oòrùn.

Ìgbín tí mo ń rí náà: ó ti ń rì mọ́lẹ̀, ó ti fi nǹkan funfun dí ẹnu. Ẹ̀ẹ̀rùn ti ń bọ̀ lóòótọ́.

Ọmọ_FUTA
12 Oṣù Kọkànlá, 2:40 ọ̀sán

Màmá, mo ti kó ọmọ tata àádọ́ta ó lé láàárọ̀ yìí. Ewé Akíntọ́lá ni lóòótọ́. Mo tún ẹ̀wà gbìn, omi dóńgóyárò ni mo ń wọ́n.

ÌyáÌbejì_ỌbaIlé
28 Oṣù Kọkànlá, 7:10 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o. Òjò ti lọ pátápátá. Etè mi ti ń ya.

Mo ní kí n wá jíṣẹ́. Elégédé mẹ́rin tó kù, mo gé e nígbà tí ìdí rẹ̀ ti le tí èékánná kò wọ èèpo rẹ̀ mọ́. Orí pákó nínú yàrá ló wà. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀, eérú tí mo kù sẹ́nu ihò tánkì kò ní ojú ẹsẹ̀ mọ́. A fi òkúta àti simẹ́ńtì dí méjèèjì. Kò sí pańpẹ́, kò sí ọbẹ̀, Ẹkímọ̀gún ẹ má bínú. Àgbàdo, ọ̀kẹ́rẹ́ jẹ mọ́kànlá, àwa jẹ ìyókù ní sísè. N kò dá a dúró títí yóò fi gbẹ, nítorí ọ̀rọ̀ Nọ́ọ̀sì kò jẹ́ kí n sùn. Ewédú ti so, ó wà lórí okùn nílé ìdáná. Ilá ti ń rẹ̀, mo fi igi mẹ́ta sílẹ̀ fún èso. Tòmátì nìkan ló ṣì ń pọ́n, omi ìfọwọ́ àti omi ìfọbọ́ọ̀lù la fi ń bomi rin ín.

Ahun, a kò rí i láti ọjọ́ 19. Àwọn ìbejì ń gbé ìbẹ́pẹ sílẹ̀ fún un láràárọ̀, èèrà ló ń jẹ ẹ́.

Ọdẹ_Ìdànrè
28 Oṣù Kọkànlá, 9:00 àárọ̀

Ó ti wọlẹ̀ sùn. Kò ní jìnnà. Ẹ wo ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí abẹ́ ebè tó ní ìbòòji, ẹ máa rí ibi tí erùpẹ̀ ti rú. Ẹ má yọ ọ́ o. Ẹni tó bá máa kọ ebè fún yín lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ fi ibẹ̀ hàn án kí ó tó gbé ọkọ́.

ÌyáÌbejì_ỌbaIlé
28 Oṣù Kọkànlá, 5:30 ìrọ̀lẹ́

A ti rí i, nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí omi ìwẹ̀ ń ṣàn gbà. Ṣóńṣó igbá rẹ̀ ló hàn díẹ̀. Táyé ti ri ọ̀pá mẹ́rin yí i ká, ó so aṣọ pupa mọ́ ọn. Baálé ló lọ wá ọ̀pá.